Fóònù Tó Dáhùn Lábẹ́ Àyà Mi

Ìgbéraga ló mú mi ra fóònù yẹn, ẹ jẹ́ n má parọ́. Nígbà yẹn, gbogbo wa ní Agbowó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé ènìyàn lè fi ìka ra ojú fóònù kí nǹkan máa yí níbẹ̀. Àwọn kan ní èyí tí ojú rẹ̀ ṣeé fọwọ́ tẹ̀, àwọn kan rọ̀ mọ́ èyí tó ní bọ́tìnì. Tèmi ní méjèèjì. Ẹ ó tẹ ojú rẹ̀ títí yóò fi sú yín, lẹ́yìn náà ẹ ó fi àtàǹpàkò tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, odidi kíbọ́ọ̀dù yóò sì yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, yóò dún "kẹ́!" Nítorí ìró yẹn nìkan, mo máa ń ṣí i, mo máa ń pa á dé, nínú takisí láti Bódìjà títí dé Dùgbẹ̀, láìní ẹni tí mo fẹ́ kọ nǹkan sí. Ìyá àgbà kan tó jókòó tì mí lọ́jọ́ kan fi àánú wò mí, wọ́n ní ṣé ó ti bàjẹ́ ni.

Tòkunbọ̀ ni, ó sì ní ìwà tirẹ̀. Ibi tí ènìyàn ń fetí sí ti kú, nítorí náà sípíkà ẹ̀yìn rẹ̀ ló fi ń pariwo ọ̀rọ̀. Èkejì ni pé bí ìpè bá ń wọlé, ẹ kò ní tẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá ti ṣí i báyìí, ó ti gbé e nìyẹn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá ní bí mo bá ń gba ìpè, gbogbo àdúgbò ló ń bá mi gbọ́. Mo ní ìlara ló ń ṣe é.

Ní àsìkò yẹn, mo fẹ́ràn ọmọbìnrin kan dé ibi tí kò mọ́gbọ́n wá. Bàbá rẹ̀, àlàájì kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Onírèké, ní kó mú mi wá. Bí wọ́n bá gbà mí, a lè bẹ̀rẹ̀ ètò ìgbéyàwó. Bí wọn kò bá gbà, ó parí.

"Ọkùnrin kan wá tìtorí ẹ̀gbọ́n mi," ni ọmọbìnrin náà sọ fún mi. "Ìka kan ló fi kan ilẹ̀. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun. Dádì ní kó lọ tọ́jú ẹ̀yìn ẹ̀, a ò sì rí i mọ́. Jọ̀ọ́, dọ̀bálẹ̀ dáadáa, kí àyà ẹ kan ilẹ̀. Má sì dìde o, àfi tí wọ́n bá ní kó o dìde."

Mo wọ bùbá funfun tó ní àpò lókè àyà, mo sì ki fóònù mi bọ̀ ọ́, kí etí rẹ̀ yọ síta díẹ̀, kí àna lè mọ̀ pé ẹni tó lajú ló wá. Bí a ṣe ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, fóònù náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Mo wọ pálọ̀, mo rí àlàájì lórí àga, mo sì da ara délẹ̀ gbalaja.

"Kẹ́!" ni mo gbọ́ lábẹ́ àyà mi.

"Báwo ni?" Ohùn ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. "Ṣé o ti dé ọ̀dọ̀ bàbá náà?"

Mo tẹ àyà mọ́ ilẹ̀ kí ohùn náà lè kú. Ńṣe ló gba orí táìlì ilẹ̀ dún sí i.

"Gbalaja o! Bó o ṣe ṣe é láàárọ̀ gẹ́lẹ́. Tí mo bá rántí bí mo ṣe dé fìlà, tí mo jókòó sórí ike omi, tí mò ń wúkọ́ bí àlàájì, tí ìwọ sì ń dọ̀bálẹ̀ fún mi, ẹ̀rín á fẹ́ẹ̀ pa mí!"

Ẹni tí wọ́n bá kọ́ nílé yóò mọ wàhálà mi. Kò sẹ́ni tó tíì ní kí n dìde. Bí mo bá dìde lọ pa fóònù, mo ti di ẹlẹ́yìn dídùn kejì. Bí n kò bá dìde, ọ̀rẹ́ mi kò ní dákẹ́ títí Ọlọ́run yóò fi dé. Ẹsẹ̀ àlàájì nìkan ni mo rí, kò sì mì. Ọmọbìnrin náà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ti ki etí ìborùn rẹ̀ bọ ẹnu. Ó ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu kí n kó sí i.

"Ẹ̀rù ń bà ẹ́, àbí? Má bẹ̀rù jàre. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá lé ẹ, má gbé ẹkún wá bá mi níbí o. Ìgbà tí ọmọ yẹn lọ kí ìyá ìyá ẹ̀, ṣé ìrẹsì kọjá lọ́fun ẹ? Èmi ni mo jẹ gbogbo ẹ̀!"

Àlàájì wúkọ́.

"Ta ló ń wúkọ́ yẹn?"

"Èmi ni." Wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga, wọ́n ń bá ẹ̀yìn mi sọ̀rọ̀. "Ṣé ìwọ ni àlàájì àárọ̀?"

Mo gbọ́ gbì nínú fóònù. Ó yé mi pé ọ̀rẹ́ mi náà ti dọ̀bálẹ̀ ní Agbowó.

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ dákun, sà."

"Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ láàárọ̀. Kí lo wá sọ fún un?"

Mo bẹ Ọlọ́run kí bátìrì kú. Kò kú.

"Mo ní... mo ní mo ti fún un lọ́mọ, sà."

Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé ẹsẹ̀ àlàájì ti ń mì, àga náà ti ń mì, ẹ̀rín ni wọ́n ń gbìyànjú láti pa mọ́ra.

"Ó dáa," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n rí èémí mí. "Àlàájì kì í ba ọ̀rọ̀ àlàájì ẹgbẹ́ rẹ̀ jẹ́. Ó yá, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dìde."