Ẹ̀rọ Tí Kò Mọ Àlejò Lé

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí í sọ ọmọlúàbí di oníbìínú, kí ó lọ jókòó ti Asiata fún òwúrọ̀ kan ní ilé ìtẹ̀wé Alhaji Abdulwasiu ní Ọ̀fà.

Ọmọ Ijagbo ni Asiata. Ọ̀kadà ní í gbé e wá síbi iṣẹ́. Ìdí ẹ̀rọ agéwèé ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí, kí ó tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tí ó sì yí Alhaji lọ́kàn padà títí ó fi ra sáfà: ẹ̀rọ tí àwọn oníbàárà ń fi fáìlì ránṣẹ́ sí láti ibi gbogbo láìgbé ẹsẹ̀ nílé. Láti ìgbà náà ni Asiata ti di olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà kan tí ojú kò rí.

Ìwà sáfà kò le. Ẹni tí ó bá kanlẹ̀kùn, yóò dá a lóhùn, yóò fún un ní àga, ìyẹn àyè kan nínú rẹ̀, yóò sì retí kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi mọ̀ ọ́n. Àga náà kò sì pọ̀. Nítorí náà ni Asiata fi pàṣẹ fún un níbẹ̀rẹ̀ pé ẹni tí ó bá jókòó fún ìṣẹ́jú kan láìsọ orúkọ, kí ó lé e jáde.

Àṣẹ yìí ni Alàgbà Adétóyè, olùkọ́ àgbà tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Ojoku, tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ wá sí Ọ̀fà. Ìka kan ṣoṣo ni bàbá fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Kí ó tó rí lẹ́tà kẹta, àkókò ti tán.

“Alhaji, ẹ̀rọ yín lé mi bí ẹni lé ewúrẹ́ kúrò nídìí èlùbọ́.”

Ojú ti Alhaji. “Asiata! Àgbà tí ó tó bàbá mi! Sọ fún nǹkan yẹn pé a kì í lé àlejò níbí. Kí ó máa dúró dè wọ́n títí.”

“Alhaji, bí ó bá ń dúró títí, ẹni ibi á—”

“Mo ní kí ó dúró.”

Ó dúró. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, gbogbo àga kún pa. Àwọn ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tí ó rán wọn ń kanlẹ̀kùn, wọ́n ń jókòó, wọn kò sì sọ̀rọ̀. Wọn kò jí nǹkan kan. Wọ́n ṣáà jókòó ni. Àlejò tí kò sọ orúkọ, tí kò jíṣẹ́, tí kò sì lọ, kí ni à á pè é bí kò ṣe ọ̀tá?

Fọláṣadé, olùkọ́ ní póli, pè láti Àkúrẹ́. Ìwé ètò ìsìnkú ìyá rẹ̀ ni ó fẹ́ fi ránṣẹ́. Àwọn àwòrán inú rẹ̀ sì wúwo ju èyí tí Wasáàpù lè gbé láìbà wọ́n jẹ́.

“Àǹtí Asiata, ẹ̀rọ yín ní kò sí àyè. Ṣé bùkátérìà ni?”

“Ẹ má bínú, mà.”

“N kò bínú o. Mọ́mì mi ni wọ́n ń dúró dè yín ní mọ́ṣúárì.”

Asiata pa sáfà, ó tún un tàn. Kí ó tó fọwọ́ nu ojú, àga ti tún kún. Alhaji yọjú.

“Ṣé o ti pa á, tí o sì tún un tàn?”

“Mo ti pa á títí, Alhaji, ó kù kí n sin ín.”

“Ó tó gẹ́ẹ́. Bí ìwé ìyáàfin yẹn kò bá wọlé lónìí, màá ta irin yẹn. Kí kálukú máa mú fíláàṣì bọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, kí ìwọ náà padà sídìí ẹ̀rọ agéwèé.”

Ọ̀rọ̀ náà gún Asiata. Ó kúnlẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n dá òfin àkọ́kọ́ padà. Kí n sì fi kún un pé àwọn tí ó bá ti ojúlé kan ṣoṣo wá kò gbọdọ̀ gba ju àga mẹ́ta lọ.”

“Alàgbà Adétóyè ńkọ́?”

“Màá lọ sí Ojoku, màá kọ́ kọ̀ǹpútà wọn kí ó máa bá wọn sọ orúkọ náà.”

Alhaji mí kanlẹ̀, ó gbà. Àwọn ajókòó-má-sọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Bí wọ́n ṣe ń padà wá ni ilẹ̀kùn ń tì wọ́n sẹ́yìn. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìwé Fọláṣadé ti dé, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń dún.

Ẹ rò pé ó parí? Ní ọjọ́ kejì, igbe ta láti yàrá Alhaji.

“Asiata! Ó lé mi! Nínú ilé tí mo fowó mi kọ́!”

Alhaji fẹ́ wo iṣẹ́ tí ó wà nínú sáfà, ó sì ti tẹ ìdajì orúkọ rẹ̀ nígbà tí aládùúgbò kan wọlé. Alhaji kí i, ó béèrè ilé, ọ̀nà, ìyàwó, ọmọ, àti ẹsẹ̀ tí ń dùn ún. Nígbà tí ó yíjú padà, ilẹ̀kùn ti tì.

“Yọ èmi sílẹ̀ nínú òfin yẹn.”

“Kí ẹ tó sọ orúkọ yín, Alhaji, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé ẹ̀yin ni?”

“Ó yẹ kí ó mọ̀!”

“Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín máa bá yín sọ ọ́ nígbà náà.”

“Kí n fi àṣírí mi lé irin lọ́wọ́? Láéláé.”

Asiata pòṣé sínú, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí aládùúgbò náà tún dé tòun ti “Ẹ kú iṣẹ́ o, Alhaji.” Alhaji kò wẹ̀yìn. Ó na ọwọ́ òsì sókè, ó ń fi ọ̀tún wá lẹ́tà.

“Dúró níbẹ̀! Má tíì kí mi! Jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ ara mi fún ẹ̀rọ Asiata.”