Mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Lọ́rì Ṣọ́jà

Ọjọ́ tí olóògbé Láwàl Akíndúró gbé obì àti oyin lọ sí bárékè láti ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, gbogbo Deco Road ní Warri ló gbọ́. Ó wọ agbádá funfun, ó wa lọ́rì àlòkù kan tó ń rú èéfín dé ẹnu géètì, ó sì rọra sọ̀kalẹ̀ bí àna gidi. Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ wà nínú lọ́rì, ó fi ìborùn bojú. Agatha, olórí àwọn ẹlẹ́ja ọjà Pessu, jókòó tì í. Òun ò bojú ní tirẹ̀, ìran ló wá wò.

"Oga, who you dey find?" ni sájẹ́ńtì Godwin tó ń ṣọ́ géètì bi í.

"My in-law people. I come do inquiry."

Godwin wo obì, ó wo oyin, ó sì gbé ìbọn rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí a kì í gbé ìbọn pàdé àna. "Which of our daughter you wan marry?"

Láwàl nawọ́ sí lọ́rì gan-an. "This one. I don marry am already. Na im make the matter urgent."

Ẹ̀rín ni fún aráyé, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rín fún Sìkírátù. Àsìkò náà ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní Warri, tí ẹni tó bá ní mọ́tò akẹ́rù kì í sinmi. Sìkírátù tó ń ta gààrí ní Pessu ti kó gbogbo owó òwò rẹ̀ fún ọkọ rẹ̀ pé kó bá òun ra lọ́rì. Gbàǹjo àwọn ṣọ́jà ni Láwàl gbà lọ, ó sì wa èyí tó ti ogun dé wálé. Agatha, tó ti ṣèlérí pé lọ́rì náà ni yóò máa kó ẹja òun, rí i, ó sì fà sẹ́yìn.

"Mama Bukola, na dead body this motor carry for war. My fish no go enter."

Ohun tí Agatha bá ti sọ ní Pessu, abẹ gé e. Lọ́rì wá dúró sẹ́yìnkùlé, adìyẹ ń yé sínú rẹ̀.

"Bàbá Bùkọ́lá, ẹ ti sọ òwò mi di ilé adìyẹ," ni Sìkírátù wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Fara balẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ta ló ti wo ilé lọ́rì yìí?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àkísà, kẹrosíìnì àti bíléèdì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ha ọ̀dà ara lọ́rì. Lábẹ́ ọ̀dà aláwọ̀ ewé, lára ilẹ̀kùn, ìlà funfun mẹ́ta yọ, wọ́n dúró ṣánṣán.

"Pélé nìyí," ló wí. "Ọmọ Ìjẹ̀bú ni. Ará ilé wa ni."

"Papa, motor dey get tribal mark?" ni Bùkọ́lá ọmọ wọn béèrè.

"Ìlú òyìnbó ni wọ́n ti ṣe é o," ni Sìkírátù fi kún un.

"Ṣé wọn kì í bí ọmọ Ìjẹ̀bú nílùú òyìnbó ni?"

Ó kí lọ́rì kú àbọ̀, ó ní kí wọ́n gbé omi fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó ha á dé ìsàlẹ̀, ìkòkò ńlá kan yọ lábẹ́ pélé. Èéfín ọbẹ̀ ni ilà ojú tó ń kí láti àárọ̀.

Sìkírátù rò pé ìyà ti tán, pé mọ́tò oúnjẹ ni, kì í ṣe ti òkú. Agatha ní ó tì, ẹnikẹ́ni lè ya ìkòkò sára ohunkóhun, àfi kí àwọn ṣọ́jà tó ni ín tẹ́lẹ̀ fẹnu ara wọn sọ ọ́. Ìdí nìyẹn tí Láwàl fi ra obì.

Ní géètì bárékè, Godwin wo ìkòkò náà títí, ó sì fọwọ́ pa á.

"Kitchen motor," ló wí jẹ́jẹ́. "Na beans e dey carry come meet us for bush. The day wey e no come, big man like me cry." Ó dúró gbọnin, ó sì kí lọ́rì bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá.

Agatha gba obì kan lọ́wọ́ Láwàl, ó gé e jẹ. "My fish go enter," ló wí.

Láti ìgbà náà, lọ́rì ò sinmi, ẹnu Láwàl náà ò sì sinmi. Lọ́dọọdún ni ìkòkò ń tóbi sí i nínú ìtàn rẹ̀. Nígbà tí ìpáàrà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀kùn, Sìkírátù ní kí wọ́n kùn ún. Láwàl kọ̀ jálẹ̀, ó ní òun kì í fi ọ̀dà bo ilà ojú ọmọ òun. Wọ́n jà sí i títí. Àfi lọ́jọ́ kan tó déédéé ra ọ̀dà búlúù, tó lé gbogbo èèyàn sínú ilé, tó sì dá kun lọ́rì. Sìkírátù rò pé àgbà ló dé.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ ikú Láwàl, Sìkírátù jáde lọ fara ti lọ́rì. Ilé dákẹ́ jù, àárò ọkọ rẹ̀ sì ń sọ ọ́ gidigidi. Ọ̀dà búlúù ṣí lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó wo ibẹ̀, ó wọlé lọ mú bíléèdì àti kẹrosíìnì.

Pélé yọ, ìkòkò yọ. Lábẹ́ ìkòkò ni ìkọ̀wé wúruwùru Láwàl wà: SÌKÍRÁTÙ ÌYÀWÓ MI LÓ NI ÍN. ẸNI TÓ BÁ HA Á, KÓ BÁ MI KÍ I.

Ó rẹ́rìn-ín títí tí ẹ̀rín fi di ẹkún, tí ẹkún tún fi di ẹ̀rín. Lẹ́yìn náà ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. "Sìkírátù," ló wí sókè, "o kú iṣẹ́ o."

Bùkọ́lá yọjú lójú fèrèsé. "Mama, who you dey greet?"

"Bàbá rẹ ló ní kí n bá òun kí ìyá rẹ."