Èènì Ọ́ìlì Tó Fẹ́ Gba Ìyàwó Lọ́wọ́ Mi

Àkùkọ kò tíì kọ nígbà tí mo ti máṣíìnì mi jáde ní Òmù-Àrán. Mo tì í dé ìta àdúgbò kí n tó tẹ̀ ẹ́, torí bó bá dún, òkú inú ilẹ̀ á ní "Ẹ káàárọ̀." Ìgbà tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn ni mo rà á, tókunbọ̀ tó dàgbà jù mí lọ. Ọ̀wọ́n ti wá dé báyìí, ta ni yóò ra òmíràn?

Ìyàwó mi, Abẹ̀kẹ́, ni mo ń lọ bẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì máṣíìnì náà, ìyẹn ohun tó ń so ẹ́ńjìnì mọ́ táyà tó sì ń tú wọn, ń jo ọ́ìlì. Ìró mẹ́ta ló ti bà jẹ́ fún un, ló bá bínú lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Òrò-Àgọ́. Bàbá ránṣẹ́ pé bí n kò bá dé kí lọ́rì ọjọ́ ọjà tó gbéra, Abẹ̀kẹ́ ń bá a lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Kàdúná nìyẹn.

Mo ti gé páálí fi dí ibi tó ń jo. Mo ra ọ́ìlì, mo sì gba èènì bí ọmọ tí a kọ́. Ta ni í gba èènì tí í dà á nù? Mo rọ gbogbo rẹ̀ sínú ilé kílọ́ọ̀ṣì.

Ihò ọ̀nà Òrò-Àgọ́ lè gbé ewúrẹ́ tọmọtọmọ. Ní òkè kìíní, ẹ́ńjìnì ń bú bí ẹkùn, táyà ń rìn bí aboyún. Ìgbín kan yà mí sílẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn o." Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ máṣíìnì, ọ́ìlì ń kán létí páálí bí imú ọmọdé.

Mo tì í dé ọ̀dọ̀ Alfa kan tó ń fi ẹ̀rọ lọ àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ̀kọ àti àkàrà ló ń jẹ bó ti ń wo ibi tó ń jo.

"Báwo lẹ ṣe rọ ọ́ìlì sí i?"

"Ìwọ̀n rẹ̀, àti èènì."

Ẹ̀kọ fẹ́rẹ̀ẹ́ há a lọ́fun. "Sùbúhánà! Ṣé gààrí ni? Kílọ́ọ̀ṣì kì í gba èènì! Bó bá yó jù, púléètì inú rẹ̀ á máa yọ̀, ìyókù á wá ọ̀nà jáde."

"Alfa, ẹ ṣàánú mi, ìyàwó mi ń lọ Kàdúná."

"Ẹni tó bá gun nǹkan yìí lẹ́yìn yín, Kàdúná ti sún mọ́ jù!"

Síbẹ̀, ó bá mi tú u. A fi bẹntiróò fọ púléètì, a nù ún gbẹ. Ó gé páálí tó nípọn, ó ń di nọ́ọ̀tì díẹ̀díẹ̀, tọ̀tún tòsì, kí ọ̀kan má baà fún ju èkejì lọ. Ọ́ìlì dé ojú ìwọ̀n, ó dúró.

Ní Òrò-Àgọ́, mo bá lọ́rì tó ti ń dún. Ẹsẹ̀ Abẹ̀kẹ́ kan ti wà lókè. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. Bàbá kò wò mí. Abẹ́ máṣíìnì ló na ọwọ́ sí.

"Ó gbẹ."

"Ó gbẹ lórí ìdúró," ni Abẹ̀kẹ́ wí. Ó wọlé, ó ró ìró funfun jáde, ó kọjú sí mi. "Bàbá Jídé, ẹ̀kán ọ́ìlì kan péré, Kàdúná ni mo wà."

Bí mo ṣe gbé e bọ̀ wálé, mímí gan-an, mò ń ṣọ́ ọ mí. Ní Òmù-Àrán, Abẹ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ìró náà ti pọ́n bí ẹyìn! Ó yẹ̀ ẹ́ wò létí dé etí.

"Eruku nìyí. Eruku kò sí nínú ọ̀rọ̀ wa." Ó bọ́ ọ, ó jù ú lé mi lọ́wọ́. "Ẹ lọ fọ̀ ọ́."

Ìdí odò ni ìrìn àjò yìí ti wá kọ́ mi lọ́gbọ́n. Omi méjì péré, ìró ti funfun. Mo wá rántí bí ó ṣe fọ mẹ́ta ìṣáájú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Eruku ń gbọ́ ti ọṣẹ. Ọ́ìlì kì í gbọ́.