Ìyá Mi Kò Tíì Jẹ Iṣu Tuntun

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń fi afẹ́fẹ́ gbé wa kiri, tó sì ń mú wa gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo dúpẹ́ pé ìyá mi wà láyé, pé etí rẹ̀ ṣì mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé etí ọ̀hún kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ lọ́dún yìí.

Inú ọkọ̀ ojú omi onígbòkun lèmi àti ọkọ mi ń gbé, ní èbúté kan ní Pọ́túgà. Orí kọ̀ǹpútà la ti ń ṣiṣẹ́, ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí ni ọ́fíìsì wa. Ọmọ ìlú Àgbàdo lọkọ mi, abẹ́ àpáta Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí èmi sí. Kò sẹ́ni tó mọ̀wẹ̀ nínú wa kó tó dàgbà. Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé a ti ra ọkọ̀ tí a ó máa gbé, ó ní, "Ó dáa. Ṣé ẹ ti kó ẹran wọlé ní méjì méjì?" Láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní ìyàwó atukọ̀.

Nílé wa, tí iṣu tuntun bá dé, tí a bá ti gbé ti Ọlọ́run lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá mi kì í fẹnu kàn án àfi tí gbogbo ọmọ bá ti jẹ. Á wò wá yí ká, á ní, "Ó ku ta ni?" Látìgbà tí bàbá ti sùn nínú Olúwa, ìyá mi ló ń ṣe é. Lọ́dún yìí, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ti jẹ. Èmi nìkan ló kù, ìyá mi sì ti fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ ìrẹsì, oúnjẹ tí kò kà sí oúnjẹ.

"Ìyàwó atukọ̀, ebi ń pa mí o," ló wí lórí fóònù.

Mo ṣe ohun tí kò yẹ ọmọ Ọlọ́run. Mo da omi gbígbóná sí ìyẹ̀fun iṣu inú páálí, mo rò ó, mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ bí ẹni pé iyán ni. Kíá ló pè, ìpè tó ń fi ojú hàn.

"Uyán rèé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó ń dán bí ọṣẹ. Odó tí mo dì fún ẹ nígbà tí ò ń lọ dà?"

Odó wà, ṣùgbọ́n ọkọ mi ti sọ ọ́ di ibi tó ń kó okùn ìgbòkun sí. Kí n tó rí ọgbọ́n dá, òun tí kò mọ irọ́ pa ti gbé e wá síwájú fóònù tòun tokùn.

Ìyá mi wò ó títí. "Àna mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé okùn lẹ ń gún jẹ níbẹ̀ ni?"

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, mo tún tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run.

Lọ́jọ́ kejì, mo ra iṣu tuntun ní ṣọ́ọ̀bù ará Gánà kan, mo sì sè é. Mo fọ odó, mo ká ìgbòkun àtijọ́ sábẹ́ rẹ̀ kó má ba ilẹ̀ ọkọ̀ jẹ́, mo pe ìyá mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí gún. Ọkọ̀ ń mì. Odó ń sún kiri, títí ọkọ mi fi jókòó sílẹ̀ tó fi ẹsẹ̀ méjèèjì dì í mú. Òyìnbó inú ọkọ̀ ẹ̀gbẹ́ wa yọjú, ó béèrè bóyá ọkọ̀ wa ti lu ni.

Mo ní mo ti ṣe tán.

"O ò tíì ṣe tán." Kò tilẹ̀ wo fóònù; etí ló kọ sí i. "Kókó ṣì wà níbẹ̀, mò ń gbọ́ ọ. Gún un. Apá atukọ̀ mà rọ̀ o!" Mo gún un títí òógùn fi bò mí. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti kúnná. Jẹ ẹ́ kí n rí ọ̀fun rẹ."

Mo gbé òkèlè kan mì. Ó ní kí n lanu. Mo là á.

"Kò ku ẹnì kankan mọ́," ló wí jẹ́jẹ́, bí ẹni pé kì í ṣe èmi ló ń bá sọ̀rọ̀.

Àṣé iyán tirẹ̀ ti wà ní bíbò níwájú rẹ̀. Ó gbé fóònù lélẹ̀ láìpa á, kò tilẹ̀ dágbére. Àjà ilé wa ní Ìkẹ́rẹ́ nìkan ni mo ń rí, àti fáànù tí kò yí, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń lá ọwọ́. Mo wo àjà náà títí iyán tèmi fi tutù.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́run bọ́ ẹni tí ò ń dúró dè ní àjẹyó níbikíbi tó wà, kí ìwọ náà lè ṣí àwo tìrẹ. Àmín.