Dókítà Ẹ-Yanu àti Eyín Tó Tún Hù

Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olóògbé Dókítà Ẹ-Yanu, obìnrin tó ń tọ́jú eyín, ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì kan tó jọra ni wọ́n máa kọ́kọ́ sọ. Ọ̀kan nínú wọn, káfíńtà, ń bẹ̀rù abẹ́rẹ́ ju ejò lọ. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ fárígá pé àfi kó lọ yẹ eyín rẹ̀ wò, ó bẹ ìkejì rẹ̀ tó ń ránṣọ pé kó bá òun lọ jókòó, kó jẹ́ orúkọ òun, kó sì wá sọ fún ìyàwó pé kò sí wàhálà.

Télọ̀ dé, ó jókòó, ó yanu. Dókítà wo ẹnu rẹ̀, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà tó máa ń ya àwòrán eyín oníkálukú sí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ gbogbo ohun tó bá ṣe sí wọn láti ọjọ́ tí ẹni náà ti kọ́kọ́ wọlé. Ó tún padà wo ẹnu. Nọ́ọ̀sì tó tan iná sí i rí i pé ẹ̀rín ti fẹ́ pa ọ̀gá òun, ṣùgbọ́n ojú ọ̀gá le koko.

"Ẹ kú oríire, sà. Eyín tí mo fọwọ́ ara mi yọ lọ́dún tó kọjá ti tún hù."

Télọ̀ fẹ́ dìde. Dókítà rọra tẹ̀ ẹ́ padà, ó ní kòkòrò ń jẹ eyín tirẹ̀ náà nísàlẹ̀, ló bá gún un lábẹ́rẹ́. Bí ẹni tó wá jíṣẹ́ irọ́ ṣe fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kú tipiri délé nìyẹn, tí kò rí ẹnu parọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ẹ̀rín lọ. Nínú kọ̀ǹpútà, òjìji dúdú kan wà nídìí eyín ẹ̀yìn káfíńtà. Nínú àwòrán àkọ́kọ́, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Nínú èyí tí wọ́n yà gbẹ̀yìn, ó ti ń sún mọ́ egungun àgbọ̀n. Nọ́ọ̀sì ní kí àwọn ránṣẹ́ pè é. Dókítà ní ẹni tó ń sá kì í jẹ́ ìpè. Ó gbé kọ̀ǹpútà sábẹ́ apá, àwọn méjèèjì forí lé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà. Ó fi àwọn àwòrán náà hàn án tẹ̀léra wọn. Káfíńtà wò wọ́n títí.

"Ikán ni," ló wí níkẹyìn.

"Ikán ni. Ó ń jẹ òpó ilé, ilẹ̀kùn lẹ sì ń kùn lọ́dà."

Káfíńtà fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá lọ́jọ́ kejì, ó yanu fún abẹ́rẹ́ àti ìtọ́jú. Àgbọ̀n là, eyín náà là. Òjìji yẹn ń kéré sí i nínú gbogbo àwòrán tí wọ́n yà lẹ́yìn náà, títí tó fi pòórá. Lọ́jọ́ tó pòórá, Dókítà pe gbogbo àwọn tó ń dúró de ìtọ́jú wọlé wá wò ó, bí ọdẹ tó pa ẹkùn.

Àléébù rẹ̀ kan ni pé eyín ló fi ń dá èèyàn mọ̀. Ní báǹkì, lójú gbogbo èrò, ó bi máníjà bóyá eyín iwájú tí òun lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ò mì mọ́. Nọ́ọ̀sì fà á láṣọ. Ó yíjú padà, ó bẹ máníjà: "Ẹ má bínú, orúkọ yín ni mo gbàgbé."

Nígbà tó kú, ilé kún fún àwọn tó wá bá ọkọ rẹ̀ kẹ́dùn. Ọkọ náà, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní nígbà tí aya òun wà lórí ibùsùn àìsàn, dókítà ọsibítù bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ láti kì í láyà. Aya òun lajú, ó ní ihò ti wà lára eyín òkè rẹ̀, kó tètè wá nǹkan ṣe sí i. Dókítà ọsibítù náà, tó wà láàárín àwọn tó wá kẹ́dùn, yanu, ó nawọ́ sí ibi tí wọ́n ti bá a dí i.

Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó rántí pé ilé ọ̀fọ̀ làwọn wà, ojú tì í, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ má bò ó," ni ọkọ olóògbé rọra wí. "Ó máa ń wù ú láti rí i."