Aṣọ Bàbá Mi Tí Wọ́n Fi Ẹsẹ̀ Tì Sí Mi

Òórùn kánfọ̀ àti ìtọ̀ eku ló máa ń pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà yàrá bàbá mi ní Òkèrèwè. Inú yàrá yẹn ni wọ́n ti pín aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn tí a sin ín tán. Ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń pín ẹrù òkú nílé wa: àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, obìnrin ló ń mú kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí bàbá wa, ti ń wọ agbádá olóògbé wò níwájú dígí kí omijé tó gbẹ lójú wa. O ò bá rí i bó ṣe ń yí síbí yí sọ́hùn-ún! Ó kó gbogbo èyí tó ń dán, àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjèèjì kó èyí tó tẹ̀ lé e, ó wá fi ẹsẹ̀ ti àpò kan sí èmi obìnrin.

"Ìwọ tó o máa ń fi àkísà ṣeré, tìẹ nìyẹn."

Agbádá àtijọ́ kan tó ti ya lábíyá ló wà nínú rẹ̀, jákàn, iṣẹ́ ọnà abẹ́rẹ́ tí wọ́n fọwọ́ ṣe, sì kún àyà rẹ̀ fọ́fọ́. Bùbá léèsì ìyá wa náà wà níbẹ̀. Ìyá ti ṣáájú bàbá lọ, bàbá sì fi bùbá yẹn pamọ́ sáàárín aṣọ tirẹ̀. N kò ní nǹkan mìíràn tí ó jẹ́ ti àwọn méjèèjì lọ́wọ́. Aṣọ àtijọ́ ni mo sì ń rán pọ̀ di àwòrán ara ògiri, iṣẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń pè ní eré nìyẹn. Mo rọra fọ̀ wọ́n, mo sá wọn síbi tí òòrùn kò dé, mo wá fi léèsì ìyá tẹ́ abẹ́ jákàn bàbá. Gbogbo àkókò òjò ni mo fi rán an.

Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́ sí gbọ̀ngàn ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan nígboro, tí àwọn èèyàn ń ya fọ́tò rẹ̀, òkìkí dé etí ẹ̀gbọ́n mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá mi níbẹ̀.

"Aṣọ bàbá wa ni. Kí a tún un pín."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ̀yin lẹ fún mi?"

"Àkísà ni mo fún ẹ. N ò fún ẹ ní nǹkan tó dára."

Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn lẹ́nu àgbàlagbà? Mo yọ sísọ́ọ̀sì inú àpò iṣẹ́ mi, mo nà án sí i. "Ó dáa, ẹ gé tiyín níbẹ̀." Mo rò pé ojú á tì í. Àwọn àbúrò rẹ̀ ń wolẹ̀. Ọ̀kánjúwà baba àrùn! Ó gé e, ó gé ibi ọrùn tí jákàn ti nípọn jù, tòun ti léèsì ìyá wa lábẹ́ rẹ̀, ó ká a sápò, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Kò ṣeé wọ̀, kò ṣeé gbé kọ́ sára ògiri. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, n ò ní parọ́.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n fi aṣọ mìíràn dí ihò rẹ̀. Mo kọ̀. Ó wà nínú pálọ̀ mi báyìí ní Ìlódè. Ó ti wá yé mi pé àwòrán ẹbí wa kò tíì pé kí ó tó gé e. Bí àlejò bá dé, màá fi jákàn hàn án pé bàbá mi nìyí, màá fi léèsì hàn án pé ìyá mi nìyí. Bó bá wá bi mí pé ihò ńlá yẹn ńkọ́, màá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn."