Ọ̀dà Búlúù Basile

Ní Tampouy, àdúgbò kan ní ìlú Ouaga, lẹ́bàá ọ̀nà Ouahigouya, igi dóńgóyárò kan wà tí ìdí rẹ̀ kì í ṣófo. Ibẹ̀ ni Basile, ọmọ ìlú Sakété, ti ń tún iná alùpùpù ṣe láti ogún ọdún wá. Ẹlòmíì ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe, ẹlòmíì ń lẹ táyà. Iná ni ti Basile. Ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáṣá, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ò mọ níwọ̀n. Bó bá ti de bóòtù ìkẹyìn, á nuwọ́, á sì sọ gbólóhùn tí gbogbo àdúgbò ti há sórí: "Iṣẹ́ tèmi kì í padà." Kí ẹnikẹ́ni má bàa jiyàn, á wá fi ọ̀dà búlúù tọ́ ibi tó ṣe. Ẹ bá ti rí búlúù, Basile ti débẹ̀.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2009, òjò kan rọ̀ ní Ouaga tí àwọn àgbà ní àwọn ò rí irú rẹ̀ rí. Ilé wó, alùpùpù mumi yó nínú ẹrẹ̀. Nígbà tí omi fà, ìdí dóńgóyárò ni wọ́n ń gbé wọn wá. Basile tú wọn, ó sá wọn sóòrùn, ó ha ìpẹtà ara wọn dànù. Ó tún wá gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ìpẹtà má bàa padà, ó fi ọ̀dà búlúù kun ojú irin níbi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń jókòó sí, kó tó dè wọ́n padà. Alùpùpù méjìdínlógójì ló ṣe bẹ́ẹ̀, orin ló sì ń kọ bó ti ń ṣe é.

Oṣù kejìlá gbé ọyẹ́ dé, Agathe náà dé, ó ń ti alùpùpù rẹ̀, ọ̀kan nínú méjìdínlógójì náà, bọ̀. Agbẹ̀bí ni Agathe, gbogbo abúlé tó wà lẹ́yìn Tampouy ló ń pè é. Basile wo alùpùpù náà fìrí, ó ní àgbàrá ti pa bátìrì. Agathe ra tuntun. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ìyẹn náà kú. Basile wá pààrọ̀ rẹgulatọ̀, àpótí onírin kékeré tó ń gba iná lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, tó ń bù ú fún bátìrì níwọ̀n. Ó dè é mọ́ ojú ibi tí ti àtijọ́ wà, ó ní iṣẹ́ òun kì í padà. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó padà.

Agathe ò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. Eruku pupa ti ba aṣọ funfun rẹ̀ jẹ́. Ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lédè Mòórè tí àwọn méjèèjì jọ ń sọ: "Tonton Basile, ẹsẹ̀ ni mo fi lọ gbẹ̀bí láàárọ̀ yìí. Ọmọ ti ṣáájú mi dé. Tí ẹ ò bá lè ṣe é, ẹ sọ fún mi, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kò sí ìjà."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Basile lára. Láti ogún ọdún, kò tíì sí ẹni tó dárúkọ ẹlòmíì sí i létí. Ó bẹ̀ ẹ́ kó fún òun di ìrọ̀lẹ́.

Ó jókòó ti alùpùpù náà, ó mú ẹ̀rọ tó fi ń wọn iná. Lórí bátìrì, ó rí volt méjìlá. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kó ké dáadáa. Ó yẹ kó gòkè dé mẹ́rìnlá, ṣùgbọ́n méjìlá náà ló dúró sí. Ó wọn iná tó ń ti ẹ́ńjìnnì bọ̀, ó pé. Ó tọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó já. Ó wá ku ibì kan ṣoṣo tí kò wọn rí, torí ọwọ́ ara rẹ̀ ló ṣe é: ojú irin tí rẹgulatọ̀ jókòó lé, tí iná ń gbà parí ìrìn rẹ̀ padà sí bátìrì. Masse ni wọ́n ń pè é. Basile fi wáyà kan so ara rẹgulatọ̀ mọ́ bátìrì tààrà. Kíá, mẹ́rìnlá!

Ó tú bóòtù. Ọ̀dà búlúù ló bá lábẹ́ rẹ̀, ó dán, ó nípọn. Iná kì í gba inú ọ̀dà kọjá. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan péré mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ojú ti Basile gan-an, bí ò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń wò ó.

Ó lè ha ọ̀dà náà dànù kó sì panu mọ́. Ta ni yóò mọ̀? Ṣùgbọ́n mẹ́tàdínlógójì ṣì wà nígboro, ó sì ti sọ fún àwọn kan tó ti wá ráhùn pé ọyẹ́ ló fà á. Bó bá sì jẹ́wọ́, kí ni yóò kù nínú orúkọ ogún ọdún? Ó wálé wá jẹun ọ̀sán, ó kàn ń yí òkèlè kiri inú abọ́. Bénie, ìyàwó rẹ̀, tọpinpin ọ̀rọ̀ náà títí ó fi jáde.

Ni Bénie bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Háà, Bàbá Maxime! Ìdí ẹ̀ rèé tí mo fi ń fẹsẹ̀ gbá alùpùpù tèmi láràárọ̀ kó tó dáhùn, tẹ́ ẹ ní ọyẹ́ ni? Ó dáa, ẹ fi tèmi kún un, ó di mọ́kàndínlógójì." Ó wá nu ojú rẹ̀. "Ẹ lọ sọ fún wọn. Ẹni tẹ́ ẹ bá sọ òótọ́ fún á fi yín rẹ́rìn-ín, á sì dúró tì yín. Ẹni tó bá fúnra ẹ̀ já irọ́ yín, á lọ."

Nírọ̀lẹ́, nígbà tí Basile ti ha ọ̀dà náà dànù tó sì ti de rẹgulatọ̀ padà, Agathe dé. Basile ò jẹ́ kó jókòó. "Kì í ṣe bátìrì, kì í ṣe àgbàrá," ó ní. "Ọ̀dà mi ni. Èmi ni." Ó na bátìrì àkọ́kọ́ sí i, èyí tó ní ó ti kú; ó ti fún un lágbára, kò sì sí ohun tó ṣe é. Agathe gbà á. "Ẹ̀yin fúnra yín lẹ mú ara yín?" Basile ní bẹ́ẹ̀ ni. Agathe tẹ fèrè alùpùpù náà, ó dún gooro jákèjádò òpópó, ó rẹ́rìn-ín. "Barka, Tonton," ó fi Mòórè dúpẹ́. Ó gùn ún lọ.

Lọ́jọ́ kejì, pátákó kan wà lára dóńgóyárò: kí ẹni tó bá ní búlúù Basile lára alùpùpù rẹ̀ gbé e wá, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n wá, wọ́n sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó pé. Félix tó ń lẹ táyà ní òdìkejì ọ̀nà ló máa ń kọ́kọ́ kígbe, "Iṣẹ́ tèmi kì í padà o!" bó bá ti rí ẹni tó ń bọ̀. Basile ń ha ọ̀dà títí irin fi ń dán. Orí bóòtù níta nìkan ló wá ń tọ́ búlúù sí. Kí ọyẹ́ tó lọ, gbogbo mọ́kàndínlógójì ti dé. Ẹyọ kan ò lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníbàárà tuntun gbé alùpùpù rẹ̀ wá. Ó tọ́ka sí búlúù orí bóòtù, ó ní òun gbọ́ pé iṣẹ́ ibẹ̀ kì í padà. Félix ti la ẹnu láti dáhùn. Basile nuwọ́ rẹ̀.

"Ó máa ń padà," ó ní. "Bó bá padà, ẹ ó bá mi níbí."